Inú Rírun Apá Ọ̀tún: Ihò Kékeré Ni, Tàbí Ojú Abẹ Gbọọrọ?

(Ọ̀rọ̀ ìlanilọ́yẹ̀ tí ìgbìmọ̀ ìlera sọ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, Kirikiri Lighter Terminal. A tẹ̀ ẹ́ síbí fún àwọn tí kò ráyè wá.)

Wọ́n ní kí ìgbìmọ̀ ìlera má sọ̀rọ̀ ju ogún ìṣẹ́jú lọ kí ìrẹsì má baà tutù. A ó gbìyànjú.

Ọ̀rọ̀ apẹ́ńdíìsì la mú wá lónìí. Àwa kọ́ la wá a lọ, òun ló wá bá wa. Láàárín oṣù mẹ́rin, èèyàn méjì nínú ẹgbẹ́ yìí ló wá yá owó pàjáwìrì nítorí iṣẹ́ abẹ apẹ́ńdíìsì. Ti ẹnì kìíní, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń ṣe, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ẹnì kejì, òun fúnra rẹ̀ ni, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹlẹ́ja wa létí omi. A ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ara wọn ti yá, àwọn náà ló sì ní ká sọ ọ́ kí ẹlòmíràn lè gbọ́.

Ohun tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ni pé dókítà sọ fún ìyá àkọ́kọ́ pé ọ̀nà méjì ló wà. Wọ́n lè la ikùn ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń là á látijọ́, wọ́n sì lè lu ihò kékeré mẹ́ta kí wọ́n fi kámẹ́rà ṣe é. Iye tí wọ́n pe ti ihò kékeré ju ìlọ́po méjì ti èkejì lọ. Ìyá yìí wá bi ẹgbẹ́ léèrè pé, èwo lẹ máa yá mi lówó fún?

Ẹ wo ariwo lọ́jọ́ náà! Ìyá kan dìde, ó ní, "Apẹ́ńdíìsì kan náà ni wọ́n máa mú jáde. Ṣé torí kí àpá má hàn lára ọmọge ni ká ṣe wá kó owó ẹgbẹ́ dà sódò?" Ìyá onígààrí kan dá a lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ mélòó ni ìyá ọmọ yìí máa fi ti ṣọ́ọ̀bù nítorí àtijókòó ti ọmọ? Ṣé ọjọ́ yẹn kì í ṣe owó ni?" Ọ̀rọ̀ méjèèjì ló ní ìtumọ̀. Ìyẹn ni ìgbìmọ̀ ìlera fi lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa tí wọ́n jẹ́ dókítà àti nọ́ọ̀sì, tí a sì ka èyí tí a lè kà. Ohun tí a rí nìyí.

Ẹni tó bá ti fọ ìfun ẹran rí mọ̀ pé ìfun kékeré gùn, ó sì ní ibi tó ti wọnú ìfun ńlá. Lára èèyàn, ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé wà nísàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún. Ìdí ìfun ńlá níbẹ̀ ni apẹ́ńdíìsì rọ̀ mọ́, ó rí bí ekòló, ìpẹ̀kun rẹ̀ kan dí, èkejì ṣí sínú ìfun. Gbogbo wa la bí i mọ́. Ẹni tó bá ní "mo ní apẹ́ńdíìsì" kò tíì sọ àrùn kankan. Ìgbà tí ẹnu rẹ̀ bá dí, tí kòkòrò ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀, tó wú, tó sì ń gba ọyún, ìgbà yẹn ni wàhálà dé.

Kí ló ń dí i? Ó lè jẹ́ ìgbẹ́ tó gbẹ tó le bí òkúta wẹ́wẹ́. Ó lè jẹ́ ẹran ara tó wú nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìgbà mìíràn aràn ni. Àwọn èèyàn máa ń di ẹ̀bi ru àwọn onírẹsì wa pé òkúta inú ìrẹsì ló ń fà á, àwọn mìíràn á ní gààrí mímu ni, tàbí kóró gúáfà. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an kí ohun tí èèyàn gbé mì lọ há síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti ṣẹlẹ̀ rí o! Ní 1735, ní ilé-ìwòsàn St George's ní Lọ́ńdọ̀nù, dókítà kan tó ń jẹ́ Claudius Amyand ṣe iṣẹ́ abẹ ìpákè fún ọmọkùnrin ọlọ́dún mọ́kànlá kan, ó sì bá apẹ́ńdíìsì nínú ìpákè náà, pínnì tí ọmọ náà ti gbé mì ti lu ú já. Ó gé e kúrò, ọmọ náà sì yè. Òun ni wọ́n kà sí ẹni àkọ́kọ́ tó yọ apẹ́ńdíìsì tí ìwé gbà sílẹ̀. Kò sí abẹ́rẹ́ oorun nígbà náà. Ẹ fojú inú wo ọmọ ọ̀hún.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ bí ìrora rẹ̀ ṣe ń rí, torí ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ikùn, lẹ́bàá ìdodo, bíi inú rírun lásán. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, á ṣí kúrò níbẹ̀, á bọ́ sí ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, á sì jókòó síbẹ̀. Oúnjẹ ò ní wù ú. Èébì lè gbé e. Ara á gbóná díẹ̀. Ìgbẹ́ lè dí, ó sì lè ṣí. Bó bá wúkọ́, á dùn ún. Bí ọkọ̀ bá já sí kòtò, á pariwo. Kì í ṣe àwàdà o: ní 2012 àwọn dókítà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwádìí jáde lórí ọ̀rọ̀ bọ́ǹpù ojú títì. Nínú 34 aláìsàn tí ti wọn jẹ́ apẹ́ńdíìsì lóòótọ́, tí ọkọ̀ wọn sì gba orí bọ́ǹpù kọjá lójú ọ̀nà ọsibítù, 33 ló ní ìrora náà le sí i níbẹ̀. Àwọn kan tí kì í ṣe apẹ́ńdíìsì ló ń ṣe wọ́n náà jẹ̀rora lórí bọ́ǹpù, nítorí náà bọ́ǹpù nìkan kò tó ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá jẹ̀rora rárá lórí ọ̀nà tiwa yìí, láti Lighter dé Wilmer, bóyá nǹkan mìíràn ló ń ṣe é!

Lára àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá sí ẹni ọgbọ̀n ọdún ló ti wọ́pọ̀ jù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò lè mú.

Ní àdúgbò wa, inú rírun tó bá ti pẹ́ díẹ̀, kíá la ó ní "táífọ́ọ̀dì ni." Kẹ́míìsì á ti kó oògùn fún un, wọ́n á ti fi omi sí i lára. Àwọn mìíràn á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n á lọ gba àgbo jẹ̀dí lọ́wọ́ ìyá alágbo kí inú lè ṣí. A ò bá àwọn ìyá alágbo jà, wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ wa, àwọn náà ń gbọ́. Ohun tí a ń sọ ni pé, ẹni tí inú ń run lápá ọ̀tún nísàlẹ̀, tí oúnjẹ kò wù, ẹ má fún un ní ohunkóhun tó máa mú ìfun rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní tipátipá. Ẹ má fún un ní àgbo ìyàgbẹ́, ẹ má fún un ní ẹ̀nímà. Ohun tó ti wú tán, bí ìfun bá ń fún un mọ́ra, ó lè bẹ́. Bó bá sì bẹ́, ìgbà mìíràn ìrora á rọlẹ̀ díẹ̀, ará ilé á ní "oògùn ti ṣiṣẹ́." Lẹ́yìn náà gbogbo ikùn á le gbandi, ibà á gòkè. Ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè.

Ìyá ẹlẹ́ja wa lo ọjọ́ mẹ́rin lórí táífọ́ọ̀dì tí kì í ṣe táífọ́ọ̀dì. Tirẹ̀ ti bẹ́ kó tó dé ọsibítù.

Àwọn dókítà sọ fún wa pé ewu kí ó bẹ́ ń pọ̀ sí i gan-an bó bá ti kọjá ọjọ́ kan àbọ̀ sí ọjọ́ méjì. Ẹ sì mọ ọ̀nà wa. Ṣáájú 2021, kí ìjọba tó gbé ètò íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń pe tírélà wọ èbúté dé, ẹ rántí bí tírélà àti táńkà ṣe máa ń tò láti Tin Can dé Mile 2, tí àwa náà ń fẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú ẹrù lórí. Ọ̀kadà tí à bá sì fi sáré, ìjọba ìpínlẹ̀ ti fòfin dè é ní ìjọba ìbílẹ̀ Àpápá láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2022. Nítorí náà, ọ̀sán gangan ló yẹ ká ti jíròrò ọ̀nà tí a máa gbà lóru. Ọsibítù ìjọba wà ní Àpápá, òmíràn wà ní Àjérọ̀mí ní Àjégúnlẹ̀. LUTH wà ní Ìdí-Àràbà. Kí olúkúlùkù ilé ti mọ èyí tí wọ́n máa sáré lọ, kí wọ́n ní nọ́ńbà awakọ̀ kan tó ń sùn ládùúgbò.

Ó yá, iṣẹ́ abẹ náà ńkọ́?

Ojú abẹ gbọọrọ la máa kọ́kọ́ sọ, torí òun ló wọ́pọ̀ jù nílẹ̀ wa. Wọ́n á fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ oorun, tàbí kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ ní ọ̀pá ẹ̀yìn kí ìsàlẹ̀ ara rẹ̀ kú típiripìtì, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún aláboyún tí wọ́n fẹ́ fi abẹ gbẹ̀bí rẹ̀. Dókítà á gé awọ ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún, bíi gígùn ìka ọwọ́ kan, ti ẹni tó sanra lè gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í gé iṣan ikùn já, ńṣe ló máa ń yà á bí ẹni ya òwú. Ọ̀nà yìí ni dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Charles McBurney, kọ sílẹ̀ ní 1894, títí dòní ni wọ́n sì ń lò ó. Á fa apẹ́ńdíìsì jáde, á so ìdí rẹ̀ àti òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ, á gé e, á rán ojú abẹ padà. Bó bá jẹ́ pé ó ti bẹ́, tí ọyún ti tú ká inú, ó lè di pé kí wọ́n la àárín ikùn láti òkè ìdodo títí wá sí ìsàlẹ̀, kí wọ́n fọ inú mọ́. Ohun tí wọ́n ṣe fún ìyá ẹlẹ́ja nìyẹn.

Iṣẹ́ àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ní 1902, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi Edward Keje jọba, ọba tí Èkó wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, apẹ́ńdíìsì mú un. Wọ́n sún ìwúyè síwájú, dókítà Frederick Treves la ikùn rẹ̀, ó fa ọyún jáde, ọba sì dé adé nínú oṣù kẹjọ. Èyí tó yà wá lẹ́nu jù ni ti 1961. Dókítà ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà kan, Leonid Rogozov, òun nìkan ni dókítà níbi tí wọ́n wà ní Antarctica, ilẹ̀ yìnyín ìsàlẹ̀ ayé. Apẹ́ńdíìsì mú òun fúnra rẹ̀. Kò sí ọkọ̀, kò sí bàálù. Ó gún ara rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora ojú kan, ẹnì kan di dígí mú fún un, ó la ikùn ara rẹ̀, ó yọ ọ́. Ó tó wákàtí kan ó lé ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìdí tí a fi sọ ìtàn yìí ni pé iṣẹ́ abẹ ojú gbọọrọ kò béèrè ohun púpọ̀: ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe, irinṣẹ́ tó mọ́, iná tó mọ́lẹ̀, oògùn. Ọ̀pọ̀ ọsibítù ìjọba tó ní tíátà lè ṣe é lóru yìí.

Ti ihò kékeré, èyí tí wọ́n ń pè ní laparoscopy, ẹ̀yin onírẹsì àti ẹlẹ́wà ló máa tètè yé. Ẹ mọ irin oníhò tí a fi ń gún àpò láti wo ohun tó wà nínú láìtú ẹnu àpò? Ó jọ ọ́. Wọ́n á fún aláìsàn ní oorun tó jinlẹ̀, ti ọ̀pá ẹ̀yìn kì í sábà tó. Wọ́n á lu ihò kan ní ìdodo, kò ju ìbú èékánná àtàǹpàkò lọ, wọ́n á fẹ́ gáàsì sínú ikùn kó wú, kí àyè lè gbà wọ́n. Kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ pẹ̀lú iná á wọlé, inú ikùn á hàn lójú tẹlifíṣọ̀n. Ihò méjì yòókù tó kéré sí i ni irinṣẹ́ gígùn máa gbà wọlé. Wọ́n á so apẹ́ńdíìsì nídìí, wọ́n á gé e, wọ́n á fi sínú àpò rọ́bà kékeré, wọ́n á fà á gba ìdodo jáde. Wọ́n á tú gáàsì sílẹ̀. Èjìká lè máa dun aláìsàn fún ọjọ́ kan tàbí méjì nítorí gáàsì tó kù, kí ẹnikẹ́ni má ní ayé ló ń ṣe é.

Ọmọ Jámánì kan, Kurt Semm, ní ìlú Kiel, ló kọ́kọ́ yọ apẹ́ńdíìsì báyìí ní 1980. Dókítà àwọn obìnrin ni, kì í ṣe ti ìfun, àwọn oníṣẹ́ abẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì bínú sí i pé kí ló kàn án. Lónìí, ní àwọn ilẹ̀ tó lówó, ọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n ń lò jù. Nílẹ̀ wa náà ó ti dé: àwọn dókítà OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ kọ ìròyìn jáde ní 2011 nípa irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe láti 2009. Ní Èkó, àwọn ọsibítù kan ń ṣe é, ti ìjọba àti ti aládàáni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi gbogbo, kì í sì í ṣe gbogbo òru.

Èwo ló wá dára jù? Ní 2018, àwọn olùṣèwádìí tí wọ́n ń pè ní Cochrane kó ìwádìí 85 jọ, wọ́n fi méjèèjì wé ara wọn. Ti ihò kékeré, ojú ọgbẹ́ kì í sábà gba kòkòrò tó ti ojú gbọọrọ. Ìrora ọjọ́ kìíní dín. Aláìsàn ń fi bí ọjọ́ kan ṣáájú kúrò ní ọsibítù, ó sì ń fi bí ọjọ́ márùn-ún ṣáájú padà sẹ́nu ohun tó ń ṣe. Ibi tí ojú gbọọrọ ti ta á yọ ni pé, ọyún tó ń kórajọ sínú ikùn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, òun kò pọ̀ tó ti ihò kékeré.

Ẹ gbọ́ o, ọjọ́ márùn-ún. Ìyẹn ni ìyá onígààrí ń ṣírò láìka ìwé. Fún ẹni tó ń gbowó oṣù, ọjọ́ márùn-ún lè má jẹ́ nǹkan kan. Fún ẹni tí ẹja rẹ̀ wà nínú yìnyín, tí èlé ajọ ń sáré, ọjọ́ márùn-ún tóbi. Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, bí ìyàtọ̀ owó àwọn méjèèjì bá ju èrè oṣù mẹ́ta lọ, ọjọ́ márùn-ún kò lè san án padà. Ìyá tó ní ká má kówó dà sódò náà kò purọ́.

Ó ku ohun kan tí kò sí nínú ìṣirò owó, àwa obìnrin ló kàn. Ìsàlẹ̀ ikùn obìnrin ní ohun púpọ̀. Ilé ẹyin lè ní kókó tó lọ́ mọ́ra, oyún lè dúró sí ojú ọ̀nà dípò ilé ọmọ, kòkòrò lè wọ abẹ́. Gbogbo wọn lè dun èèyàn lápá ọ̀tún gẹ́lẹ́ bíi apẹ́ńdíìsì. Ojú abẹ kékeré tí wọ́n là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kì í jẹ́ kí dókítà rí gbogbo ibi yẹn dáadáa. Kámẹ́rà á wo òsì, á wo ọ̀tún, á wo ilé ọmọ. Bó bá jẹ́ nǹkan mìíràn ló ń ṣe é, wọ́n á rí i. Lójú tiwa, fún ọmọbìnrin tí kò tíì bímọ, tí skáànù kò sì lè sọ pàtó ohun tó ń ṣe é, ìdí yìí tóbi ju ọ̀rọ̀ àpá lọ. Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe tẹ́ẹ̀sì oyún fún gbogbo obìnrin tó tó bímọ, kí ìyá má sì bínú pé wọ́n ń fi ọmọ òun ṣẹ̀sín.

Ìyá ẹlẹ́ja lo ọjọ́ mọ́kànlá ní ọsibítù. Ọmọge yẹn sùn ọjọ́ kan péré lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Àwọn kan ti ń lo èyí láti fi polówó ihò kékeré káàkiri ọjà. Ẹ má fi wọ́n wéra o. Ọmọ yẹn dé ọsibítù ní ọjọ́ kejì tí inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí run, ti ìyá ti bẹ́. Bí wọ́n bá la ikùn ọmọ náà ní ojú gbọọrọ lọ́jọ́ yẹn, ọjọ́ díẹ̀ náà ni ì bá lò. Àkókò ló ya àwọn méjèèjì, kì í ṣe irú abẹ.

Ohun tí ìgbìmọ̀ owó yíyá fi ẹnu kò lé lórí nìyí. Ẹgbẹ́ á yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó fún èyíkéyìí tí dókítà bá ní ó yẹ, tó bá ṣáà ti wà nínú iye tí ìdókòwò rẹ̀ gbé. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó wọ́n, kó mú ìdúró onídùúró méjì wá bí ti owó ọjà. A ò ní bi í léèrè ìdí. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kò ní dá sí i kí ẹnikẹ́ni gbé aláìsàn kúrò ní ọsibítù tó ti ṣe tán láti ṣe iṣẹ́ abẹ lónìí, kó ní òun ń wá owó ihò kékeré lọ́la. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé "a lè ṣe ojú gbọọrọ nísinsìnyí", kó tọwọ́ bọ̀wé.

Kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́ fún ti ihò kékeré, ẹ bi dókítà ní ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí, ẹ má tijú: Ẹ̀yin fúnra yín, ṣé ẹ máa ń ṣe é déédéé? Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́ ńkọ́? Bí ẹ bá rí i pé ihò kékeré kò ṣe é ṣe, tí ẹ ní láti la ikùn, ṣé a tún máa san owó mìíràn? Èyí kẹta ṣe pàtàkì. Ìgbà mìíràn wọ́n á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ihò, wọ́n á bá ẹ̀jẹ̀ tàbí ìfun tó lẹ̀ mọ́ra, wọ́n á wá la ikùn. Kì í ṣe pé dókítà kò mọṣẹ́. Ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ẹ mọ iye rẹ̀ ṣáájú.

Àwọn ìbéèrè tí ẹ bi wá lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà rèé, pẹ̀lú ìdáhùn wa.

Ìyá kan béèrè pé ṣé oògùn apakòkòrò nìkan kò lè wò ó. Ó lè wo àwọn kan tí kò tíì bẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2020 kó àgbàlagbà 1,552 jọ. Nínú àwọn tí wọ́n fún ní oògùn nìkan, bíi mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló padà ṣe iṣẹ́ abẹ kó tó pé àádọ́rùn-ún ọjọ́. Àwọn dókítà ọsibítù ló ń ṣọ́ wọn, wọ́n sì ti fi ẹ̀rọ wo inú wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe oògùn tí a rà ní kẹ́míìsì tí a gbé wálé.

Ọkọ kan béèrè nípa aláboyún. Apẹ́ńdíìsì lè mú aláboyún, ilé ọmọ tó ń dàgbà sì lè tì í gòkè, kí ìrora má wà níbi tí a mọ̀ ọ́n sí. Wọ́n lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, irú méjèèjì. Bó bá bẹ́ nínú oyún, ewu rẹ̀ fún ọmọ inú tóbi ju ti iṣẹ́ abẹ lọ, nítorí náà kí wọ́n má dúró.

Ọmọge kan bi wá nípa àpá, pé tòun máa ń hù sókè tó sì ń yún òun. Kó sọ fún dókítà ṣáájú. Ihò kékeré kò fi bẹ́ẹ̀ gé ara, ṣùgbọ́n irú awọ bẹ́ẹ̀ lè hù àpá lójú ihò náà.

Ẹnì kan ní ìgbà wo ni òun lè gbé apẹ̀rẹ̀ padà. Rírìn díẹ̀díẹ̀, láti ọjọ́ kejì. Iṣẹ́ ìjókòó, bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì fún ihò kékeré, ojú gbọọrọ á pẹ́ díẹ̀ sí i. Ẹrù wúwo, lẹ́yìn ojú gbọọrọ, kó fún un tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, kí ìpákè má baà yọ lójú abẹ. Paálí ẹja dídì kan ti tó ẹrù wúwo.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni ti ètò ìlera ìpínlẹ̀, Ìlera Èkó. Ní 2024 ni ìjọba ìpínlẹ̀ pàṣẹ pé dandan ni kí gbogbo olùgbé Èkó ní ètò ìlera. Kí ẹ tó san owó rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n ka àwọn iṣẹ́ abẹ tó wà nínú rẹ̀ sí yín létí, kí ẹ béèrè bóyá apẹ́ńdíìsì wà níbẹ̀, bóyá ojú gbọọrọ nìkan ni, àti ọsibítù wo ní Àpápá tàbí Àjégúnlẹ̀ ló gbà á. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ń kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ wọ̀ ọ́ lápapọ̀. Fọ́ọ̀mù owó pàjáwìrì náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbà kí ẹ kan ilẹ̀kùn òun lóru.